Ariwo yẹn kọ́ ni X-ray

"Ẹ fa èémí sínú, Mà. Ẹ má mí o." Mo tẹ bọ́tìnnì dé ìdajì, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn wùùù, ni Màmá bá sá kúrò níwájú pátákó. "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ó ti wọ̀ mí lára!"

Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ya X-ray l'Abẹ́òkúta, orúkọ yẹn ò tíì kúrò lára mi. Ọkùnrin tá a jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà, "dókítà" ni wọ́n ń pe òun. Ẹ jẹ́ n fi ìyẹn sílẹ̀.

Ohun tí Màmá gbọ́ kì í ṣe X-ray. X-ray kì í pariwo, kò lóòórùn, kò ta èèyàn lára. Inú ọ̀pá gíláàsì tí wọ́n ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ dànù ló ti ń wá. Wáyà tín-ín-rín kan wà níbẹ̀, bíi ti inú gílóòbù àtijọ́. Tó bá gbóná gan-an, àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, èérún tín-ín-tìn-tín tó ń gbé iná, á máa bọ́ lára rẹ̀ bí oru ṣe ń kúrò lójú omi híhó. Àwo tungsten, irin líle kan, ló kọjú sí i. Bí mo bá wá tẹ bọ́tìnnì dé ìsàlẹ̀, iná tó tó 100,000 volt á fà wọ́n, wọ́n á sáré lọ kọlu àwo yẹn. Ibi tí eré wọn ti já ni X-ray ti ń jáde. Ìnáwó ọ̀hún pọ̀ ju èrè lọ o: nínú 100 agbára, bíi 99 ló ń di ooru lásán. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ tungsten, torí kì í yọ́ àfi tí ooru bá kọjá 3,400 Celsius. Síbẹ̀, wọ́n tún ń yí i bírí bírí, nǹkan bí 3,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, kí ojú kan má baà jóná. Yíyí yẹn ló ń kùn wùùù. X-ray fúnra rẹ̀ kì í tó ìṣẹ́jú àáyá kan.

Màmá gbọ́, ó tún bi mí: "Ṣé èyí tó bá jáde ò ní kù sínú yàrá?" Mo pa iná, mo ní, "Mà, ìmọ́lẹ̀ tó wà níbí lẹ́ẹ̀kan dà?" Ó rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí pátákó. Ìtànṣán (radiation) tí fọ́tò àyà kan ń fi sí èèyàn lára ò ju èyí tí ilẹ̀, òfuurufú àti oúnjẹ ń fi sí wa lára láàárín ọjọ́ mẹ́wàá lọ.

Ọmọ rẹ̀ tó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn ló ń kọ mí lóminú. Ó ní òun ò lè fi ìyá òun sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, tí X-ray bá kan ara aláìsàn, díẹ̀ nínú rẹ̀ á ta káàkiri bí omi tí wọ́n dà sára ògiri. Mo ní kó jáde. Ẹni tó wà ní mítà kan sí aláìsàn tó bá sún dé mítà méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí ì bá gbà ló kù. Ọmọdé tí ò bá dúró jẹ́ẹ́, bàbá rẹ̀ ló máa wọ ẹ̀wù òjé dì í mú, kì í ṣe èmi. Òun lè má tún ṣe é mọ́ láyé rẹ̀. Èmi, ojoojúmọ́ ni. Clarence Dally tó bá Thomas Edison, olùṣẹ̀dá ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, ṣiṣẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán ẹ̀rọ X-ray wò títí wọ́n fi gé apá rẹ̀ méjèèjì. Ó kú ní 1904.

Èmi náà ti ṣe tèmi. Lọ́dún kan, mo fi kóòtù mi kọ́ ìkọ́ inú yàrá X-ray, báàjì tó ń ka ìtànṣán tó ń wọ̀ mí lára wà láyà rẹ̀, mo sì lọ ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n ń ya fọ́tò lọ ní tiwọn. Nígbà tí èsì dé, ọ̀gá ní kí n jókòó kó tó ka iye náà fún mi. Ẹ̀rù bà mí, mo ń ronú ọmọ tí mò ń fún lọ́mú nílé. Ẹ wò ó, kò sẹ́ni tó kọ ojú ẹ̀rọ sí kóòtù yẹn rí. Ohun tó ń ta kúrò lára àwọn aláìsàn nìkan ni.

Ọ̀gá ò bú mi. Ó kàn mú súkúrúdíráfà, ó tú ìkọ́ náà. Ihò rẹ̀ ṣì wà lára ògiri.