Ẹ bá mi dúpẹ́ o, clearance tí mo ń retí, ìyẹn àṣẹ láti ṣiṣẹ́ tó kan àṣírí ìjọba, ti jáde!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé tí Ọlọ́run bá ṣe é, gbangba ni màá ti dúpẹ́, mi ò fẹ́ ṣe bíi tàwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́sàn-án tí wọn ò padà wá yẹn.

Ní Amẹ́ríkà níbí, tí iṣẹ́ bá ti kan àṣírí ìjọba, ilé iṣẹ́ lè gbà ẹ́ tán o, àmọ́ o ò ní fojú kan iṣẹ́ náà àfi tíjọba bá fún ẹ ní clearance. Èmi rò pé ìgbà tí mo ti di sítísìn, ó ti parí nìyẹn. Parí kẹ̀! Fọ́ọ̀mù SF-86 tí wọ́n fi ń béèrè clearance yẹn ju 100 ojú ewé lọ. Ilé tó o gbé àti iṣẹ́ tó o ṣe láti ọdún 10 sẹ́yìn, ìrìn àjò, gbèsè, gbogbo ẹ̀ pátá. Mo ń kọ ọ́ lọ jẹ́jẹ́ títí mo fi dé ibi mọ̀lẹ́bí, àṣé kì í ṣe ọmọ ìyá nìkan ni wọ́n ń béèrè, wọ́n ń béèrè ọmọ bàbá náà. Yéè! Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá mi fẹ́. Àwa 13 la wà ńlẹ̀, wọ́n sì fẹ́ orúkọ, ọjọ́ ìbí, àdírẹ́sì àti orílẹ̀-èdè gbogbo wa níkọ̀ọ̀kan. Ni mo bá pe màmá mi ní Nàìjíríà láago méjì òru tibí, mo ní ẹ jọ̀ọ́ màmi, ọdún wo ni wọ́n bí bùọ̀dá tó tẹ̀ lé àkọ́bí ìyálé yín? Wọ́n ní, "Ọjọ́ tí mo wọlé bàbá yín, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákòrò ni." Ẹ wá bá mi fi ìyẹn sínú àpótí ọjọ́, oṣù àti ọdún. Ọlọ́run ló ní kí wọ́n fi "Est." síbẹ̀, ìyẹn ni pé mo fojú bù ú ni.

Bùọ̀dá yẹn gan-an ló tún wá ń ṣiṣẹ́ ìjọba ńlé, ẹ̀rù sì ń bà mí pé ìyẹn lè bà á jẹ́ fún mi. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fò ó, ta ló máa mọ̀? Ó ṣe mí bíi kí n fò ó lóòótọ́. Àmọ́ irọ́ nínú fọ́ọ̀mù yẹn, ọ̀ràn ni, ó lè di ẹ̀wọ̀n ọdún 5. Mo fi ìbẹ̀rù kọ orúkọ ẹ̀ síbẹ̀.

Gbèsè ńkọ́? Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi ní 2020, kírẹ́díìtì káàdì 3 ni mi ò rí san mọ́.

Ẹni tó ń ṣèwádìí wá, wákàtí 3 ló fi bi mí léèrè ọ̀rọ̀, ó tún lọ bá àwọn aládùúgbò. Lẹ́yìn ẹ̀, kẹ́kẹ́ pa, ọ̀pọ̀ oṣù. Ìgbà tí lẹ́tà máa dé, Statement of Reasons ni, ìyẹn ìwé tó ka ìdí tí wọ́n fi lè má fún mi ní clearance. Ìlànà wọn méjì ni wọ́n tọ́ka sí: Guideline B torí ẹbí mi tó wà lókè òkun, Guideline F torí gbèsè. 20 ọjọ́ péré ni mo ní láti fèsì, kí n mú ẹ̀sùn wọn níkọ̀ọ̀kan kí n sọ pé mo gbà tàbí mi ò gbà. Inú mọ́tò ni mo ti kà á, níwájú ilé, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi bọ́ sílẹ̀.

Mi ò lówó lọ́yà. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bá adájọ́ sọ̀rọ̀ lójúkojú, mo kó ìwé tí wọ́n fi dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́ dání, mo kó rìsíìtì $250 tí mo ń san lóṣooṣù dání, mo sì ti ń san án kí lẹ́tà wọn tó dé rárá, mo gbà pé ìyẹn wà lára ohun tó yọ mí torí ẹni tó dúró dìgbà tí wọ́n mú un kó tó máa san, ọ̀rọ̀ ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ta létí wọn. Adájọ́ wá gbójú sókè, ó ní tí ẹnì kan bá fi bùọ̀dá ẹ halẹ̀ mọ́ ẹ kó o lè tú àṣírí ńkọ́? Gbogbo èyí tí mo há sórí ló fò lọ. Mo ní ọ̀gá síkiọ́rítì ibi iṣẹ́ wa ni màá kọ́kọ́ sọ fún, kódà kí ìyàwó mi tó gbọ́. Ó kọ nǹkan sílẹ̀, kò sọ̀rọ̀.

Èsì dé lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n fọwọ́ sí i! Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣìnnì ni mo dọ̀bálẹ̀ sí, ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mi gbààwẹ̀, tiyín náà á yọrí.

Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n ní kí n fi fóònù sínú àpótí lẹ́nu ọ̀nà. Ìgbà tí mo jáde, màmá mi ti pè mí lẹ́ẹ̀méje. Àyà mi já, mo pè wọ́n padà kíá. Wọ́n ní kò sí nǹkan o, àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ni, Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n bí bùọ̀dá yẹn.