"Kí lo ti ṣe rí?": ohun tójú mi rí nígbà tí mò ń wáṣẹ́ àkọ́kọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ WAEC tán, tẹ́ ẹ jókòó sílé tẹ́ ẹ̀ ń retí JAMB, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi fún yín. Ọdún 2014 ni mo jáde sẹ́kọ́ńdírì n'Ìbàdàn, ọmọ ọdún 17 ni mí nígbà yẹn, mi ò ní ju ìwé testimonial kan àti bàtà dúdú tí mo fi ń lọ iléèwé. Mo rí bébà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì fàmásì kan lọ́nà Ring Road pé wọ́n ń wá sales girl, inú mi dùn, ni mo bá sáré lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà pé kí wọ́n bá mi tẹ CV.

Bọ̀dá tó ń tẹ̀ ẹ́ ò bi mí ní nǹkan kan ju orúkọ, àdírẹ́ẹ̀sì àti ọjọ́ ìbí lọ. Ó ṣí CV ẹlòmíì tó wà lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀, ó pa orúkọ onítọ̀hún rẹ́, ó fi tèmi sí i, ó tẹ̀ ẹ́ jáde, mo sanwó, mo fi sínú ẹ́ńfílóòpù, mi ò kà á. Màmá tó ni fàmásì yẹn gbà á lọ́wọ́ mi, ó wo bébà, ó wo ojú mi, ó tún wo bébà. Ó ní, "Ṣé o ti lọ́kọ ni?" Mo ní rárá mà. Ó ní, "Ohun tí wọ́n kọ síbí ni pé o ti lọ́kọ, o sì ti bímọ méjì." Bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì ni. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú ẹ̀, ó wá ní, "Ó dáa, kí lo ti ṣe rí?" Mo ní mi ò tíì ṣe nǹkan kan rí mà. Ó ní kí n máa lọ, wọ́n á pè mí. Títí dòní mo ṣì ń retí ìpè yẹn o.

Ọ̀rọ̀ ọkọ àti ọmọ méjì yẹn, ẹ̀rín ni mo ń fi rín báyìí (ẹ ṣáà máa ka ohun tí wọ́n bá tẹ̀ fún yín kẹ́ ẹ tó sanwó). Èyí tó dùn mí ni "mi ò tíì ṣe nǹkan kan rí" yẹn, torí irọ́ ni. Láti JS1 ni mo ti ń bá màmá mi ta ẹ̀wà àti gàrí ní Bódìjà, gbogbo Sátidé, tí a bá sì ti gba hólídè, ojoojúmọ́ ni. Èmi ni mò ń kọ orúkọ àwọn tó jẹ wá lówó sínú ìwé, èmi ni mò ń mọ kóńgò mélòó ló kù nínú àpò, mo mọ ẹ̀wà tí kòkòrò ti fẹ́ wọ̀ kó tó wọ̀ ọ́. Àmọ́ nítorí pé kò sẹ́ni tó ń sanwó oṣù fún mi, tó jẹ́ pé "ó ń ran ìyá ẹ̀ lọ́wọ́" ni wọ́n máa ń sọ, kò wá sí mi lọ́kàn pé iṣẹ́ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bá bọ̀dá yín ṣe POS, tẹ́ ẹ̀ ń di irun fún àwọn ará àdúgbò, tẹ́ ẹ jẹ́ akápò ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí, iṣẹ́ lẹ̀ ń ṣe o. Ẹ sọ ọ́, kẹ́ ẹ sì sọ iye ẹ̀: ọdún mélòó, ẹni mélòó, owó tó ń gba ọwọ́ yín kọjá lójúmọ́.

Kí n tó gbọ́n yẹn ṣá, mo kọ́kọ́ jìn sí kòtò kan. Wọ́n fi téèsì ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá fún ìńtáfíù lágbègbè Ìwó Road, aago mẹ́jọ àárọ̀, kí n wọ kóòtù. Mo yá kóòtù bọ̀dá mi, apá ẹ̀ gùn kọjá ọwọ́ mi. Wọ́n gba ẹgbẹ̀rún kan náírà lọ́wọ́ wa fún fọ́ọ̀mù, a pọ̀ kún gbọ̀ngàn, ni ẹnì kan bá bọ́ síwájú tó ń pàtẹ́wọ́ tó ń bi wá pé ta ló fẹ́ ra mọ́tò. Ọṣẹ àti oògùn ni wọ́n fẹ́ ká máa tà, ká sì mú èèyàn méjì méjì wá. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó, ta ló ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gbà síṣẹ́?

Iṣẹ́ tí mo wá rí, kọ́sítọ́mà màmá mi kan tó ní ṣọ́ọ̀bù pùrófíṣàn ní Mọ́kọ́lá ló gbà mí. Ó béèrè ìbéèrè kan náà, kí lo ti ṣe rí. Lọ́tẹ̀ yìí mo tú gbogbo ọ̀rọ̀ Bódìjà sílẹ̀. Kò ní kí n mú CV wá rárá, ó kó ọjà mẹ́ta síwájú mi, ó fún mi ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún pé kí n fún òun ní ṣéńjì, láìlo kákúlétọ̀, ọmọ ẹ̀ sì ń fà mí láṣọ ní gbogbo ìgbà yẹn. Mo ṣe é. Ó ní, "Ó dáa. Ta ló mọ̀ ẹ́?"

Ìbéèrè yẹn gan-an ni mo tìtorí ẹ̀ ń kọ gbogbo èyí. Ẹni tó fẹ́ gba ọmọ ọdún 17 mọ̀ pé kò tíì mọṣẹ́, ó ti múra láti kọ́ ọ. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni kó má lọ jí lọ́jọ́ kan kó má bá owó, kó má bá ọmọ tó gbà síṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń béèrè onídùúró méjì, tí wọn kì í sábà gba bàbá tàbí ìyá ẹni. Èmi ní tèmi, mo kọ orúkọ díákónì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa sórí fọ́ọ̀mù láìsọ fún un. Wọ́n pè é, wọ́n dárúkọ tí mò ń jẹ́ níléèwé fún un, ó ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò sì purọ́! "Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́wà" ni wọ́n ń pè mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò mọ orúkọ míì. Màmá mi ló mú mi lọ bẹ̀ ẹ́, díákónì náà ka fọ́ọ̀mù yẹn lẹ́ẹ̀mejì, torí ó wà níbẹ̀ pé tí mo bá kówó lọ, òun ló máa san án. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ìyẹn gbà, díẹ̀ ló kù kí wọ́n gba ọmọ míì. Ẹ yáa tètè lọ bá ẹni méjì tó níṣẹ́ gidi lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wáṣẹ́, tíṣà yín, aládùúgbò yín, ẹ ṣàlàyé fún wọn, ẹ gba fọ́tò pásípọ́ọ̀tù wọn, kẹ́ ẹ sì sọ orúkọ tí ẹ̀ ń jẹ́ níléèwé fún wọn. Ẹ lọ gba NIN náà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń forúkọ ẹni sílẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ owó: ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni wọ́n ń san fún mi lóṣù, nígbà tí owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin jẹ́ 18,000. Láti 2024 ó ti di 70,000, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù tí òṣìṣẹ́ ẹ̀ ò bá tó 25, òfin yẹn ò dè é, ìyẹn ló fà á tẹ́ ẹ fi máa ń gbọ́ iye tí ò jọra. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ ti béèrè iye tí wọ́n máa san, kì í ṣe àrífín. Ẹ tún béèrè ẹni tó ń san shortage, ìyẹn owó tó bá dín nínú owó ọjà. Oṣù kejì mi, wọ́n yọ 2,300 nínú owó mi, bẹ́ẹ̀ èmi àti ọmọ míì la jọ ń ki ọwọ́ bọ dúrọ́ọ̀ kan náà, mi ò sì lè fi hàn pé kì í ṣe èmi. Látìgbà yẹn mi ò fọwọ́ kan dúrọ́ọ̀ láàárọ̀ láìka owó inú ẹ̀ lójú ọ̀gá, kí n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní 2018 tí mò ń wá ibi tí mo ti máa ṣe IT (iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ ṣe kó lè fi mọṣẹ́), mo kọ ọ́ gbàǹgbà sórí CV mi pé mo ta ẹ̀wà àti gàrí ní Bódìjà láti 2008 dé 2014. Ọkùnrin tó ń ṣe ìńtáfíù fún mi fò gbogbo yòókù, ó fi ìka lé ibẹ̀, ó ní báwo la ṣe máa ń rí gbèsè gbà lọ́wọ́ ẹni tí ò fẹ́ san. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan la sọ títí mo fi dìde.