Láàárín ọwọ́ méjì ni iṣẹ́ ìtẹ̀wé ti ń bàjẹ́

Ẹ̀yin àbúrò wa tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọṣẹ́ ìtẹ̀wé, ẹ má kọ́kọ́ di ẹ̀bi ru mẹṣíìnì. Ní Ṣómólú, àdúgbò àwọn atẹ̀wé ní Èkó, ìwé kan lè gba ọwọ́ ènìyàn mẹ́fà kọjá: dìsáínà, ẹni tó ń ṣe pléètì (irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀rọ̀ sórí bébà), oníbébà, atẹ̀wé, ẹni tó ń ṣe lamination (tó ń fi ọ̀rá bo ẹ̀yìn ìwé), àti ẹni tó ń ká a tó sì ń gé e. Nígbà mìíràn, ṣọ́ọ̀bù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà. Bí ẹnì kan ṣe ń fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ni nǹkan ti ń jábọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ìwé A5 olójú-ewé 96, ẹ̀dà 1,000. Bébà A2 kan ń gba ojú-ewé 16, mẹ́jọ níwájú, mẹ́jọ lẹ́yìn. Bébà mẹ́fà ló máa lọ sí ìwé kan, 6,000 fún gbogbo rẹ̀, ìyẹn rííìmù 12. Ẹ fi 300 kún un fún èyí tó máa bàjẹ́ kí àwọ̀ tó jókòó. Bí inú rẹ̀ bá jẹ́ dúdú nìkan, pléètì 12 ni. Ẹ̀yìn ìwé aláwọ̀ mẹ́rin ń gba pléètì 4. Oníbàárà wá pe dìsáínà pé kó bá òun fi ojú-ewé mẹ́rin kún un. Ojú-ewé mẹ́rin péré, àmọ́ ó máa jẹ bébà A2 250 mìíràn (bébà kan ń gba ti ìwé mẹ́rin) àti pléètì tuntun. Bí dìsáínà kò bá sọ fún oníbébà, inú 300 yẹn ni atẹ̀wé máa ti bù ú, á ku 50 fún ìbàjẹ́ gbogbo iṣẹ́, ẹ̀dà 1,000 kò sì ní pé. Kò sẹ́ni tó ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ burúkú níbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí káàdì iṣẹ́ fi gbọ́dọ̀ máa bá iṣẹ́ rìn: nọ́ńbà rẹ̀, ìwọ̀n, iye ẹ̀dà, iye ojú-ewé, irú bébà inú àti ti ẹ̀yìn, iye àwọ̀, orúkọ fáìlì, ẹni tó fọwọ́ sí i àti ọjọ́ tó fọwọ́ sí i. Ẹ má sọ ọ́ nù torí pé ẹ ti ra kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ tí íńkì ti kùn kì í tẹ kíbọọ̀dù, NEPA sì lè mú iná lọ nígbàkigbà. Ti kọ̀ǹpútà ni láti jẹ́ kí ẹni tí kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹṣíìnì mọ ibi tí iṣẹ́ dé, ọwọ́ ẹni tó wà, àti ohun tó ń dúró dè. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ń gbójú fò. Wọ́n á kọ "ó ń lọ lọ́wọ́", bẹ́ẹ̀ kò yé ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tó ń dúró de ìfọwọ́sí, oníbàárà lẹ máa pè. Èyí tó ń dúró de owó bébà, ọ̀gá ni.

Fáìlì náà ńkọ́? Orúkọ bíi "final" àti "final gan-an" ti ba pléètì jẹ́ púpọ̀. Ẹ lo nọ́ńbà: 0147_inu_v3.pdf, ìyẹn nọ́ńbà iṣẹ́, inú ìwé, àti ẹ̀yà kẹta. Bí pléètì bá ti jáde, v3 kò ní yí padà mọ́. Àtúnṣe kankan di v4, ẹni tó ṣe é náà ni kó tún káàdì kọ. Lórí WhatsApp, ẹ fi àwòrán ránṣẹ́ bíi document, nítorí bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò, WhatsApp á dín in kù, á sì rí bàìbàì nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Ìfọwọ́sí tí oníbàárà fi ohùn sọ, ẹni tó gbọ́ ọ nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Excel inú flash ń di méjì láàárín ọjọ́ kan, tábìlì kan ṣoṣo lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bíi Google Sheets, ló dáa jù.

Ẹ má wá fi kọ̀ǹpútà di àwọn atẹ̀wé lọ́wọ́ o. Ní 1995, John Bowers, Graham Button àti Wes Sharrock gbé ìwádìí jáde nípa iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n gbé ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́pa iṣẹ́ wọ̀. Ètò náà fẹ́ kí gbogbo ìgbésẹ̀ tò tẹ̀ léra, bẹ́ẹ̀ àwọn atẹ̀wé a máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ṣáájú àkókò rẹ̀, wọ́n a sì máa gbé e láti mẹṣíìnì kan sí òmíràn kí iṣẹ́ má bàa dúró. Níkẹyìn, wọ́n ń ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n, wọ́n wá ń padà kọ ọ́ sínú ètò lẹ́yìn náà.

Atẹ̀wé fẹ́ràn láti kó iṣẹ́ dúdú pọ̀ kó tó fọ rólà fún aláwọ̀. Bí tábìlì bá fi iṣẹ́ ọ̀la hàn án, á máa ṣí i fúnra rẹ̀, á sì máa kọ tirẹ̀ sí i. Bó bá jẹ́ pé torí kí ọ̀gá lè mọ ẹni tó pẹ́ nìkan ni, ìrọ̀lẹ́ Friday ló máa kọ gbogbo rẹ̀, tó sì máa fojú bù ú.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi ìwé àti bírò ṣe tábìlì náà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìlà tí ẹnikẹ́ni kò bá kọ nǹkan sí láàárín àkókò yẹn, ẹ má gbé e dénú kọ̀ǹpútà.