Máṣíìnì Mi Hùwo Lọ́jọ́ Jímọ̀

Oko káṣú ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Káṣú ni mò ń rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, láti Àjàṣẹ́-Ìpo wọ inú oko lọ títí dé ẹ̀yìn Òmù-Àrán. Ẹni tó bá sì ti wọ oko káṣú rí mọ̀ pé igi yẹn kì í nàró bí ọ̀pẹ. Ńṣe ló máa ń na apá sílẹ̀ bí adìyẹ tó ràdọ̀ bo ọmọ. Tí o bá gun máṣíìnì gba abẹ́ ẹ̀ kọjá, ìka ọwọ́ rẹ ni ẹ̀ka máa kọ́kọ́ kí. Èyí tó kí mi gbẹ̀yìn kí mi débi pé ìka méjì wú, mi ò lè bu òkèlè fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìyàwó mi ló ń fi àmàlà bọ̀ mí lẹ́nu bí ọmọ ọwọ́, ó sì ń gbádùn ẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. "Ẹ lanu dáadáa," ló ń wí, níwájú àwọn ọmọ.

Mo bá pinnu pé mo máa ra háńdìgáàdì, ohun tí wọ́n ń dè mọ́ háńdù máṣíìnì láti dáàbò bo ìka ọwọ́.

Máṣíìnì tèmi kì í ṣe ọ̀kadà lásán o. Èyí tó ga lẹ́sẹ̀ ni, tí táyà ẹ̀ ní eyín, tí wọ́n dìídì ṣe fún yanrìn àti ẹrẹ̀. Háńdìgáàdì yìí, irin alumíníọ́mù ni, ó tẹ̀ bí ọrun ọfà. Ìdí ẹ̀ kan máa ń di háńdù mú nítòsí àárín, ó wá gba iwájú ìka ọwọ́ kọjá, ó lọ wọ ẹnu háńdù níbi tí rọ́bà ọwọ́ parí sí. Wọ́n fi ike ńlá kan bò ó lójú, òun ló máa ń gba ẹ̀ka, tó sì máa ń gba atẹ́gùn ọyẹ́ láàárọ̀ kùtù, nígbà tí ìka èèyàn ń dà bí ẹja inú yìnyín.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rà á, mi ò sì fi ìwàǹwára rà á. Ọ̀pá háńdù ní ìwọ̀n méjì tó wọ́pọ̀: èyí tó jẹ́ 22 mílímítà àti èyí tó sanra láàárín, 28.6. Mo wọn tèmi kí n tó sanwó: 22 ni. Mo tún wọn ihò inú ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ìyẹn sọ́kàn, pé èmi yìí jẹ́ ẹni tó ń wọn nǹkan.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo jókòó tì í ní àgbàlá, pẹ̀lú iná fóònù. Mo fi bíléèdì gé orí rọ́bà ọwọ́ yípo kí ẹnu háńdù lè ṣí, nítorí pé inú ihò yẹn ni pulọ́ọ̀gì tó máa di ẹnu ẹ̀ mú máa wọ̀. Tí o bá ń dè é, ńṣe ló máa ń wú nínú lọ́hùn-ún títí á fi há. Apá òsì ò yọ mí lẹ́nu. Apá ọ̀tún ni ọ̀gá, torí ibẹ̀ ni iná wà, èyí tí a máa ń yí kí máṣíìnì lè sáré. Tí irin yẹn bá fi lè fara kan rọ́bà iná, o máa yí iná, o máa jọ̀wọ́ ẹ̀, kò sì ní padà. Ìgbà tó bá dé ara ògiri ló máa tó dúró. Mo gé ike orí rọ́bà iná náà, mo fi àlàfo bíńtín sílẹ̀, mo yí i, mo jọ̀wọ́ ẹ̀: tà! Ó padà. Mo tún un ṣe nígbà mẹ́wàá. Mo yí háńdù dé òpin lọ́tùn-ún, mo yí i dé òpin lósì. Wáyà kílọ́ọ̀ṣì ò fún, páìpù bíréèkì ò tẹ̀. Inú mi dùn, mo ń yin ara mi.

Bàbá Àgbà ń bọ̀ láti ibi àlùwàlá, bútà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n dúró wò mí.

"Àkànní, kí lo ń dè mọ́ ọn?"

"Gáàdì ni, Bàbá. Nítorí ìka ọwọ́ mi ni."

"Hẹ̀n-ẹn. Ó jọ ìwo àgbò. Iléyá mà ṣì jìnnà."

Wọ́n bá tiwọn lọ.

Ẹni tó bá mọ àwọn agboolé ẹ̀yìn Ọjà-Ọba nílùú Ìlọrin mọ bí ilé ṣe máa ń fèjìká ti ilé níbẹ̀. Láti àgbàlá wa dé títì, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà, ọ̀nà tóóró láàárín ògiri wa àti ògiri ilé kejì. Alaalẹ́ ni mo ń ti máṣíìnì gba ibẹ̀ wọlé nítorí olè. Láàárín ọ̀nà yẹn, ògiri ilé kejì yọkùn díẹ̀ bí àgbàlagbà tó jẹun yó. Ojoojúmọ́ ni mò ń kọjá lára ikùn yẹn, mi ò kà á sí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó ku díẹ̀ kí agogo kan lù, mo ní kí n gbé e jáde kí àwọn ará títì rí i, kí n tó wẹ̀ lọ kírun. Mo jókòó lórí ẹ̀, mi ò tan ẹ́ńjìnnì ẹ̀, mò ń fẹsẹ̀ wà á lọ bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ. Nígbà tí mo dé ibi ikùn ògiri, mo gbọ́ "kẹ̀rẹ̀rẹ̀" lọ́tùn-ún, mo gbọ́ "kẹ̀rẹ̀rẹ̀" lósì. Ọlọ́gbọ́n á dúró níbẹ̀. Èmi fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti ilẹ̀.

Gbì!

Mo ní kí n yí orí ẹ̀ díẹ̀. Ìwo ọ̀tún bá wọ inú ihò kan tí sìmẹ́ńtì ti ré kúrò lára ògiri wa, ìwo òsì tẹ̀ mọ́ òdì kejì. Mo fà á sẹ́yìn, amọ̀ ń ya lulẹ̀ sí mi lẹ́sẹ̀. Ohùn Bàbá Àgbà dún láti ẹ̀yìn:

"Má fa ògiri bàbá mi o! Wọ́n ti mọ ọ́n kí wọ́n tó bí bàbá tó bí ẹ!"

Mi ò lè lọ síwájú, wọn ò jẹ́ kí n padà sẹ́yìn. Mo jókòó gẹlẹtẹ láàárín ògiri méjì bí ẹni tó ń gẹṣin lọ́jọ́ dọ́bà, àfi pé ẹṣin ò lọ.

Àbúrò mi kan kígbe pé, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ tú ìwo yẹn!" Ó ju alẹ́ńkí, irin tí a fi ń tú bóòtù, sí mi. Bóòtù ìdí ẹ̀ ò ṣòro, ó wà lójú mi kedere. Ṣùgbọ́n bóòtù ẹnu háńdù, èyí tó mú pulọ́ọ̀gì dání, ojú ẹ̀ kọ sí ìta, ìta sì ni ògiri. Alẹ́ńkí náà gùn tó ìka mi. Àlàfo tó wà láàárín bóòtù àti ògiri ò gba abẹ́rẹ́. Ẹni tó ṣe nǹkan yẹn ò gbé agboolé rí.

Àsìkò yẹn gan-an ni àwọn tó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Òórùn lọ́fíńdà ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, funfun ló kún ọ̀nà: agbádá funfun, jálàbíà funfun, fìlà funfun. Gbogbo wọn ń wo ẹ̀yìn orí mi.

Wọ́n ní kí n dojú bolẹ̀ sórí táńkì. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni mọ́kànlá ló gba ẹ̀yìn mi kọjá lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Àwọn ọmọdé fò mí bí ọ̀bọ. Bàbá Àgbà ní "Bisimilahi", wọ́n tẹ ìjókòó ẹ̀yìn, wọ́n fi orí mi ṣe ọ̀pá. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀gangan etí mi, wọ́n dúró.

"Àkànní."

"Ẹ̀yin Bàbá."

"Àwọn ìka ọwọ́ ẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà lálàáfíà, Bàbá."

"Alihamudulilahi." Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní òdì kejì.

Àfáà ilé wa ló kẹ́yìn. Mi ò ní parọ́, Àfáà sanra. Nígbà tí wọ́n dé orí mi, máṣíìnì mì, àwọn náà mì, mo sáré na ọwọ́ gbá wọn mú lẹ́yìn kí wọ́n má baà ṣubú. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi gan-an. Wọ́n ṣàdúrà fún mi.

Kó tó di pé ẹ̀mí mi balẹ̀, ìyá oníwàrà ti dé láti apá títì, igbá lórí. "Ẹ̀yin ará ilé, ṣé ẹ ò ní ra wàrà lónìí ni?" Àwọn ìyàwó ilé tò sẹ́yìn mi. Mo wá di káńtà ṣọ́ọ̀bù. Owó ń gba orí mi jáde, wàrà ń gba orí mi wọlé, omi ẹ̀ ń ro sí mi lọ́rùn.

Ọmọ tó ń lẹ táyà lẹ́nu ọ̀nà wa ló yọ mí. Ó yọjú, ó wò mí títí, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, kí ló dé tẹ́ ẹ ò tú háńdù fúnra ẹ̀?"

Bóòtù mẹ́rin, lórí, níwájú mi, ibi tí àyà mi ti dùbúlẹ̀ lé láti ìgbà yẹn. Sípánà nọ́ńbà 12. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi tú wọn, tó gbé apá kan háńdù sókè, tí apá kejì wálẹ̀, tó sì tẹ́ gbogbo ẹ̀ sórí táńkì tòun ti wáyà bí ejò tí wọ́n pa. A ti máṣíìnì jáde bí ẹni ti ọmọlanke.

Ìgbà yẹn ni mo tó wá téèpù. Háńdù nìkan: 80 sẹ̀ńtímítà. Pẹ̀lú ìwo: 87. Ọ̀nà, níbi ikùn ògiri: 85.

Mo pẹ́ dé mọ́ṣáláṣí, ìta nínú oòrùn ni mo ti kírun. Nígbà tí a ń darí bọ̀, Àfáà ló wà níwájú mi, wọ́n ń dá àwọn èèyàn lóhùn lọ́tùn-ún lósì. Lẹ́yìn jálàbíà funfun wọn, ìka márùn-ún wà níbẹ̀, dúdú kirimú, gírísì ni, ó mọ́ roro bí òǹtẹ̀ ìjọba. Mo wo ọwọ́ mi. Mo fi sápò. Mi ò sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ Sátidé, ìyàwó wọn gbé jálàbíà náà àti ọṣẹ wá bá ìyàwó mi, kò sọ nǹkan kan òun náà.

Mo pe bíríkìlà pé kó wá dí ihò tí mo dá sí ògiri Bàbá. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bàbá Àgbà gbé àga jókòó tì í, wọ́n ní kó jẹ́ iṣẹ́ tó dáńtọ́. Nígbà tó lọ tán, mo tún gbé téèpù: 84.

Lọ́jọ́ Ajé, lẹ́yìn Àjàṣẹ́, ẹ̀ka káṣú kan tó nípọn bí apá ọmọdé gbá ike háńdìgáàdì mi: gbà! Ìka mi ò mọ nǹkan kan. Mo rẹ́rìn-ín nínú oko lémi nìkan bí wèrè. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà wa lálẹ́, mo pa máṣíìnì, mo yọ nọ́ńbà 12 lápò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú bóòtù. Ẹnì kan gbóhùn sókè láti inú àgbàlá:

"Ṣé oníwo ti dé ni?"