"Tààrà" tí wọ́n ń ké ní gáréèjì

"Àkúrẹ́ tààrà! Ó ku ẹnì kan!" Ìyá kan tó ń lọ sí Ìjù, tó wà lójú ọ̀nà Àkúrẹ́, sáré wọ ọkọ̀ náà ní Adó-Èkìtì láàárọ̀ yìí. Ìgbà tí wọ́n gba owó Àkúrẹ́ lọ́wọ́ wọn lariwo ta. Dẹ́rẹ́bà ò kúkú purọ́. Bí wọ́n bá ti ké "tààrà", owó ibi tí ọkọ̀ ń lọ lẹ máa san, ì báà jẹ́ Ìkéré, Ìjù tàbí Ìta-Ògbólú lẹ ti fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀, torí dẹ́rẹ́bà lè má rí èrò tí yóò fi dí àyè yẹn lójú ọ̀nà.

Ọkọ̀ tààrà sì máa ń dúró o! Wọ́n á ra epo, wọ́n á já ẹrù. Ohun tó dájú ni pé ẹ ò ní wọ ọkọ̀ méjì. Ẹni tí ò fẹ́ ìdúró rárá, kó ní "dúrọ́ọ̀pù" lòun fẹ́: gbogbo àyè ọkọ̀ ló rà yẹn, kó yáa ná an dáadáa. Sóólè ní tiẹ̀, ẹ̀bá títì ni wọ́n ti ń wọ̀ ọ́.

Ará Ìjù, kí ẹrù yín tó wọ búùtù, ẹ bi wọ́n: "Ẹ̀gbọ́n, Ìjù ni mo ti ń bọ́ọ́lẹ̀, èló?"