Ẹran ni mo fi sílẹ̀, n kò fi yájì sílẹ̀
Òórùn sùyà bá mi nímú ní Wuse, l'Ábújá, lálẹ́ àná, itọ́ fẹ́ẹ̀ẹ́ pa mí. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí mo ti pa ẹran tì. Àmọ́ yájì, èròjà tí wọ́n ń wọ́n sí sùyà, ló ń ta sánsán jù níbẹ̀: kùlíkùlí, ata gbígbẹ, atalẹ̀, kànáfùrù, iyọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe sùyà láìsí ẹran, ẹ ra àwàrà, wàrà sóyà àwọn Hausa, èyí tí wọn kò tíì dín. Ẹ fi aṣọ wé e, kí ẹ gbé nǹkan wúwo lé e fún ìṣẹ́jú 30. Bí omi bá ṣẹ́kù nínú rẹ̀, á fọ́ lórí igi tí ẹ máa fi gún un bíi sùyà. Ẹ fi òróró pa á, ẹ yan án kó pọ́n, kí ẹ tó wọ́n yájì sí i. Kùlíkùlí kì í pẹ́ jóná, á sì korò. Àlùbọ́sà tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ o, ẹ má ṣe ahun!