Ó kàn wò ó ṣe ni

Ọ̀rọ̀ tí bọ̀ọ̀dá wa níbi iṣẹ́ sọ ò kúrò lọ́kàn mi. Mo fi àwòrán abọ́ Ishiguro Munemaro, amọ̀kòkò ará Japan, hàn wọ́n lórí fóònù, èyí tó dúdú, tí ewé kan tẹ́ sínú rẹ̀. Wọ́n ní, “Ṣé kì í ṣe ti àwọn ará Ṣáínà nìyí? Ó kàn wò ó ṣe ni.” Wọ́n bá oúnjẹ wọn lọ.

Òjò rọ̀, bọ́ọ̀sì pẹ́, mo ra búrẹ́dì.

Ó wò ó ṣe. Ta ló jiyàn? Láyé ìjọba Song àtijọ́ ni wọ́n ti ń fi ewé sínú abọ́ tíì ní Jizhou, ní Ṣáínà. Abọ́ Jian kan, abọ́ dúdú ilẹ̀ Ṣáínà náà, tí Ishiguro rí nígbà ọ̀dọ́ ló sì fà á wọ iṣẹ́ amọ̀. Ṣùgbọ́n kò lọ́gàá tó kọ́ ọ. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ti kú tipẹ́tipẹ́. Kí ni ojú fẹ́ rí lára abọ́ tó ti jinná tán?

Ẹ gbọ́ ná. Wọ́n á tẹ́ ewé sórí èròjà dúdú tó ń mú abọ́ dán, wọ́n á gbé e sínú ààrò. Ewé á jóná pátápátá. Eérú rẹ̀ á yọ́ mọ́ èròjà yẹn, iṣan ewé á wá yọ ní àwọ̀ ìyeyè, títí kan ojú ibi tí kòkòrò bá ti jẹ ẹ́. Irin ló sì mú un dúdú bẹ́ẹ̀. Irin yìí kan náà, bó bá kéré, tí iná ò rí atẹ́gùn tó, àwọ̀ ewéko ló máa mú jáde. Èwo ni wíwò lè sọ fúnni níbẹ̀?

Inú ń bí mi o. Lọ́dún 1955 tí ìjọba Japan kọ́kọ́ ń yan àwọn oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń pè ní ìṣúra orílẹ̀-èdè, Ishiguro wà lára wọn, nítorí iṣẹ́ irin yìí gan-an.

Síbẹ̀… Kawai Kanjiro, amọ̀kòkò ará Japan mìíràn, ńkọ́? Lọ́dún 1921 tó kọ́kọ́ pàtẹ, iṣẹ́ tó fara jọ ti Ṣáínà ló gbé jáde, wọ́n yìn ín gan-an. Kò pẹ́ púpọ̀ tó fi fi í sílẹ̀, tó lọ bá Yanagi òǹkọ̀wé àti Hamada amọ̀kòkò nídìí abọ́ tí mẹ̀kúnnù ń lò. Ó ní láti jẹ́ pé nǹkan kan ò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bóyá ohun tí bọ̀ọ̀dá sọ yìí náà ni. Àwọn ti àkọ́kọ́ yẹn ni mo sì fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, kí ni kí n ti ṣe é?

Ó ti rẹ̀ mí. Lọ́la, màá fi ti Jizhou àti ti Ishiguro hàn wọ́n pa pọ̀, kí wọ́n sọ èyí tó wù wọ́n.